Ìyá Àgbà Tí Ó Sàba Lé Ẹyin Mọ́námọ́ná

Ọwọ́ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹyin àkọ́kọ́ nígbà tí ìyá àgbà mi di ọrùn ọwọ́ mi mú. Kò fà mí, kò sì pariwo. Ó kàn dá ọwọ́ náà dúró lókè ìkòkò, bí ìgbà tí ènìyàn mú ewé tí afẹ́fẹ́ fẹ́ gbé lọ. Òórùn ilẹ̀ tútù ń jáde láti inú ìkòkò náà, ó sì ń dà pọ̀ mọ́ èéfín igi tí ń jó nínú ààrò. Mo ti rí i pé adìyẹ ilé wa máa ń fi ẹnu yí ẹyin rẹ̀, mo sì rò pé ìrànlọ́wọ́ ni mo fẹ́ ṣe.

Ó ní, “Orogún mi, èyí kì í ṣe ti adìyẹ. Bí ìyá wọn ṣe yé wọn sílẹ̀ ni wọn yóò wà títí wọn yóò fi là. Bí o bá yí i, ọmọ inú rẹ̀ á kú.”

Orogún ni ó máa ń pè mí, nítorí pé kí bàbá àgbà tó kú ni ó ti sọ pé èmi ni ìyàwó tí òun fẹ́ lé e. Ó mú èédú tútù kan láti inú ààrò, ó sì fa ìlà kékeré sí orí ẹyin kọ̀ọ̀kan, kí ojú òkè má baà di ojú ìsàlẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì kọlù wọ́n. Àwọn ẹyin náà funfun, wọ́n rọ̀ bí awọ, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ẹyin mọ́námọ́ná ni wọ́n, ejò tí kò ní oró, tí ó máa ń ká ara rẹ̀ jọ bí bọ́ọ̀lù nígbà tí ẹ̀rù bá bà á.

Lónìí, bí mo bá sọ pé mo fẹ́ di alábòójútó ọgbà ẹranko, àwọn ènìyàn a máa béèrè ibi tí irú èrò bẹ́ẹ̀ ti wá sí ọkàn ọmọ àgbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìkòkò yẹn ni ó ti wá.

Abúlé wa kò jìnnà sí ìlú Datcha. Iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni a ń gbìn. Ní ilé wa, a kì í pa mọ́námọ́ná, a kì í sì í jẹ ẹ́. Bí ọ̀kan bá wọ inú abà, a kì í kígbe pé ejò dé. “Àlejò wọlé” ni a máa ń wí, ẹnìkan a sì mú igbá wá, a gbé e lọ sí ẹ̀yìn oko, níbi tí eku tí ń jẹ iṣu wa pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà máa ń sọ pé àwa gan-an ni àlejò, nítorí pé mọ́námọ́ná ti wà lórí ilẹ̀ náà kí àwọn baba ńlá wa tó dé ibẹ̀.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, bàbá mi ń kọ ebè nínú oko wa tí ó tóbi jù. Ọkọ́ rẹ̀ wọ inú ihò òkété, kò sì mọ̀ pé mọ́námọ́ná kan ká sínú ihò náà. Oòrùn kò tíì ga tí a fi rí i tí ó ń bọ̀ láti oko. Ó ti bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó sì fi di nǹkan kan. Ó gbé e kalẹ̀ ní iwájú ìyá rẹ̀. Ìyá àgbà tú ẹ̀wù náà, ó wò ó, ó sì tún un dì jẹ́jẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni ó béèrè: ṣé ó ní ẹyin? Bàbá mi ní wọ́n wà nínú ihò, òun sì ti fi koríko bò wọ́n kí oòrùn má baà pa wọ́n. Ìyá àgbà dìde lẹ́sẹ̀ kan náà, ó gbé igbá, ó sì mú ọ̀nà oko pọ̀n. Mo ń sáré tẹ̀lé e.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà fún bàbá mi. Gẹ́gẹ́ bí àṣà ilé wa, ẹni tí mọ́námọ́ná bá ti ọwọ́ rẹ̀ kú yóò fi aṣọ funfun sin ín sí ẹ̀bá oko, kò sì ní fi ọkọ́ kan ilẹ̀ náà mọ́ títí ọmọ ẹni tí ó kú yóò fi padà síbẹ̀ láàyè. Bí kò bá sí ọmọ, ilẹ̀ náà yóò sùn di ọdún tí ń bọ̀. Oko yẹn ni a fi ń jẹun. Èbù iṣu ti ń hù nínú abà, òjò sì ti ń súnmọ́ tòsí. Bàbá mi, tí kì í pa ìsìn Kátólíìkì jẹ ní ọjọ́ Ìsinmi, sọ fún ìyá mi pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni gbogbo èyí. Síbẹ̀, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé ọkọ́ lé èjìká, ó dé ẹ̀bá oko, ó sì padà wálé.

Báyìí ni gbogbo ìrètí ilé wa ṣe wọ inú ìkòkò kan. Ìyá àgbà fi ilẹ̀ tí ewé ti jẹrà sí kún ìdajì rẹ̀, ó to ẹyin lé e lórí, ó sì fi igbá tí ó ní ihò bò ó. Láràárọ̀, ó máa ń bu ilẹ̀ náà díẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ fún un pọ̀. Ó gbọ́dọ̀ di ìṣù, ṣùgbọ́n omi kò gbọdọ̀ kán láti inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò fi inú apá rẹ̀ kan ara ìkòkò, tí yóò pa ojú dé, tí yóò sì sọ pé kí a sún un mọ́ ààrò tàbí kí a sún un sẹ́yìn. Ó kọ́ mi pé kí ó máa gbóná bí ikùn ọmọ tí ń sùn, kó má gbóná bí ti ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Mo kọ́ ọ títí apá tèmi náà fi mọ̀ ọ́n. Ìyá àgbà kò lọ sí ọjà Anié mọ́. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń lọ ń béèrè bóyá àìsàn ni.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí ó ń gbé inú agbo ilé kan náà, ni ó sọ ọ́ di àwàdà. Bí ìyá àgbà bá ti fẹ́ dìde lórí àpótí, yóò ní, “Ìyá, ẹ rọra o, kí ẹ má fi ìdí fọ́ ẹyin.”

Ìyá àgbà kò wo ojú rẹ̀. Ó ní, “Mo sàba lé ìwọ náà, o sì là. Orí rẹ nìkan ni kò là tán.”

Gbogbo agbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi pàápàá rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ó ti gbé ẹ̀wù dídì yẹn wọlé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Òjò àkọ́kọ́ dé pẹ̀lú ìjì, òtútù sì tẹ̀lé e. Igi tútù ń rú èéfín láìmú ooru wá. Nígbà tí a ṣí ìkòkò, òórùn kan tí kò dára kọlù wá: àwọn ẹyin kan ti rì sínú, èbu sì ti bo ara wọn. Ìyá àgbà fi ṣíbí onígi yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù, ó lo sùúrù tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń di èémí mi mú. Àwọn tí ó kù kò pọ̀. Bàbá mi dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó rí ohun tí a kó jáde, ó sì yíjú sí abà tí èbù rẹ̀ wà.

Ohun tí ìyá àgbà ṣe lẹ́yìn náà ni mo ń sọ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá bi mí léèrè irú ènìyàn tí ó jẹ́. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó fa ìkòkò náà mọ́ ikùn, ó sì fi ìró rẹ̀ wé ara rẹ̀ àti ìkòkò pọ̀, bí ẹni tí ó pọn ọmọ síwájú. Kò dìde. Mo ń fi igi sí iná, ìyá mi ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún un. Òjò ń lu páànù orí ilé, ewúrẹ́ tí wọ́n sá wọlé ń jẹ àpọ̀jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, bàbá mi wọlé, ó fa àpótí kan, ó jókòó síwájú ìyá rẹ̀, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí apá kejì ìkòkò náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kọjá ní ẹnu ọ̀nà, ó wò wọ́n, ó lọ, ó sì padà pẹ̀lú igi gbígbẹ láti inú ilé tirẹ̀.

Ní òwúrọ̀ kan tí oòrùn ti padà, mo ṣí igbá, mo sì rí i pé ẹyin kan ti ya ní òkè. Láti inú ibi tí ó ya, orí kékeré kan yọ, ó ní ojú dúdú, ahọ́n rẹ̀ ń jáde, ó ń wọlé. Mo fẹ́ fa awọ ẹyin náà kí ó lè jáde kíá. Ìyá àgbà ní kí n fi í sílẹ̀, ó ní ẹni tí ó mọ ọ̀nà dé ẹnu ilẹ̀kùn mọ bí a ti ń jáde. Lẹ́yìn náà ni ó pe bàbá mi.

“Wá,” ni ó wí. “Wá wo ẹni tí yóò dá ọkọ́ rẹ padà fún ọ.”

Àwọn mìíràn là tẹ̀lé e. Ó ní a kò ní í dá wọn padà títí wọn yóò fi bọ́ awọ àkọ́kọ́, nítorí pé ọmọ kì í wọ aṣọ ìkókó rìnrìn àjò. Ní gbogbo àkókò yẹn, ó jẹ́ kí n máa fún wọn ní omi, kí n sì máa pààrọ̀ ilẹ̀ abẹ́ wọn, ṣùgbọ́n kò gbà kí n bá wọn ṣeré. Mo ti wá orúkọ fún èyí tí ó kéré jù. Ó ní, “Má fún un lórúkọ. Ohun tí a bá fún lórúkọ, a máa ń fẹ́ pè é padà.”

Ní ọjọ́ tí a lọ sí oko, ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé ìgò sódàbì, ọtí líle tí a fi ẹmu sè, dání, ó sì ta díẹ̀ sí ilẹ̀ níbi tí a sin ìyá wọn sí. Bàbá mi ni ó gbé igbá. Ó mú wọn jáde níkọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó kẹ́yìn ká jọ ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí èso, ó pẹ́ níbẹ̀, lẹ́yìn náà ó tú ara rẹ̀, ó bọ́ sí ilẹ̀, ó sì wọ inú koríko. Kò bojú wẹ̀yìn. Èmi ni mo sunkún. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí ìyá àgbà tí ó nà ró, ọwọ́ rẹ̀ ní ìbàdí, ojú rẹ̀ ń dán bí ti ìyá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pe orúkọ ọmọ rẹ̀ pé ó yege.

Ó ní, “Ṣé o rí i? Kò tilẹ̀ kí wa. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa nìyẹn.”

Bàbá mi gbé ọkọ́, ó sì kọ ebè àkọ́kọ́ lójú gbogbo wa. Iṣu pẹ́ kí ó tó ta ní ọdún yẹn, ṣùgbọ́n a jẹ iṣu.

Mo wà ní líísè, ilé ẹ̀kọ́ girama, ní Atakpamé báyìí. Olùkọ́ kan ṣàlàyé fún wa pé alábòójútó ọgbà ẹranko ni ẹni tí ń pinnu irú ilé tí a ó kọ́ fún ẹranko kọ̀ọ̀kan, ohun tí yóò jẹ, èyí tí yóò bímọ, àti èyí tí ó tó àkókò láti padà sí igbó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń pè mí ní ọ̀gá ọ̀bọ. Èmi ń ronú pé mo ti mọ ẹnìkan tí ó ṣe iṣẹ́ yẹn pẹ̀lú ìkòkò kan àti ìró kan.

Ìyá àgbà ti kú ní ìgbà ọyẹ́ tí ó kọjá, kí n tó sọ ìpinnu mi fún ìdílé. Nígbà tí mo sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ó kọ́kọ́ fèsì. Ó bi mí bóyá torí kí n lè máa gbálẹ̀ fún ejò ni wọ́n ṣe ń ta iṣu san owó ilé ẹ̀kọ́ mi. Ó ní ọmọ àwọn ẹlòmíràn ń di nọ́ọ̀sì, wọ́n ń di adájọ́. Mo wo ilẹ̀. Bàbá mi, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní ìpàdé, ni ó dáhùn.

“Iṣẹ́ ìyá wa ni ọmọ yìí fẹ́ lọ kọ́,” ni ó wí. “Ta ni nínú wa tí yóò sọ pé iṣẹ́ náà kéré?”

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá béèrè bóyá wọn yóò fún mi ní bàtà gígùn níbi iṣẹ́ náà, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ejò ni ó jẹ́ mọ́námọ́ná.

Inú apá mi ṣì mọ ooru tí ìyá àgbà kọ́ mi, n kò sì rò pé yunifásítì kankan lè mú un kúrò. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbé dání jù lọ ni ìdùnnú rẹ̀ ní ọjọ́ oko yẹn. Ó fi ara rẹ̀ mú ohun kan gbóná, ó sì yọ̀ pé ohun náà kò nílò òun mọ́. Bí mo bá di alábòójútó ọgbà ẹranko, mo fẹ́ kí ọgbà náà ní ẹnu ọ̀nà tí ó kọjú sí igbó, kí a má sì jẹ́ kí ilẹ̀kùn ibẹ̀ dípẹtà.