Àbúrò mi tó ń ya ooru ojú

Tẹ́ ẹ bá dé ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tún ojú ṣe yẹn, ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ àbúrò mi, kò sẹ́ni tó máa dá yín lóhùn. Nọ́ọ̀sì Ẹ-Dúró-Ná ni kẹ́ ẹ béèrè. Kó tó kí yín, á ti ní kẹ́ ẹ dúró ná. Kẹ́ ẹ má fọwọ́ kan ojú, kẹ́ ẹ má mu tíì gbígbóná, kẹ́ ẹ má jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko lẹ máa lò nínú yàrá tí kò ní fáànù, bí ẹni tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ máa ń sọ pé nílé àwọn, téèyàn bá ti ibi iṣẹ́ dé, á kọ́kọ́ jókòó kára rẹ̀ balẹ̀ kí wọ́n tó kí i káàbọ̀.

Kámẹ́rà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe irú èyí téèyàn ń rẹ́rìn-ín sí. Ooru ara ni kámẹ́rà náà ń rí. Ibi tó bá gbóná á pupa, ibi tó bá tutù á di búlúù bí aró. Ẹni tí dókítà bá ṣiṣẹ́ abẹ sójú fún torí ẹwà, àbúrò mi ló ń ya ojú náà lóòrèkóòrè, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá egbò ń jinná. Bí ibì kan bá tutù jù, ẹ̀jẹ̀ ò débẹ̀ nìyẹn. Bó bá gbóná ju ibi yòókù lọ, àfàìmọ̀ kí kòkòrò àrùn má ti wọbẹ̀. Téèpù ìránṣọ mi àtijọ́, èyí tí ìdí rẹ̀ ti já, ló fi ń wọn àyè tó wà láàárín kámẹ́rà àti imú èèyàn. Ínṣì ọgbọ̀n ni. Kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín.

Èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí wọ́n bí i, màmá wa sì máa ń ti àárọ̀ kùtù lọ síbi iṣẹ́. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ̀yìn ọwọ́ mi ni mo fi ń kàn án lọ́rùn, torí àtẹ́lẹwọ́ máa ń purọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìyẹn o, kì í ṣe iléèwé. Títí dòní, tó bá yàwòrán tán, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ aláìsàn. Dókítà sọ ọ́ títí pé kí ló tún ń wá, ṣebí ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀. Kò gbọ́.

Aránṣọ lèmi. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń dúró sẹ́yìn oníbàárà níwájú dígí ńlá, abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Oníbàárà á máa wo aṣọ, èmi á máa wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tó ń wá sílẹ̀ bí ìṣẹ́tí tó tú. Kì í ṣe ọkọ ni mo ń wá, kì í sì í ṣe ẹnikẹ́ni ni mo fẹ́ fi han; ó sú mi ni. Mo sọ fún àbúrò mi pé mo fẹ́ kí dókítà wọn bá mi fà á sókè.

“Ojú yín ni, ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní. “Àmọ́ èmi ni màá máa yà á, ohun tí mo bá sì ní kẹ́ ẹ ṣe lẹ máa ṣe. Mi ò fẹ́ gbọ́ ‘èmi ni mo pọ̀n ẹ́’ níbẹ̀ o.”

Wọ́n ṣe é. Mo yẹ ìránṣọ dókítà wò nínú dígí, ó dáa, àfi abẹ́ etí òsì tí okùn ti fún jù díẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì kú, wọn ò mọ nǹkan kan. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gún mi níbẹ̀, mi ò ní mọ̀. Dókítà ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ó lè gba oṣù mélòó kan kí ara ibẹ̀ tó jí.

Lọ́jọ́ karùn-ún, àbúrò mi yàwòrán, mo yọjú wò ó. Yéè! Ojú mi pọ́n bí ẹyin iná. Ó ń ṣàlàyé pé wíwú ló fà á, pé pupa tó tàn kálẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò burú, àmọ́ etí mi ti di. Ohun tí mo rí ni pé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí mi lójú kò dán.

Ẹ jẹ́ n tú àṣírí àwa aránṣọ fún yín. Bí ojú ìrán bá kákò, tí oníbàárà sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà, a ò ní tú u. Áyọ́ọ̀nù la máa gbé lé e. Á nà, oníbàárà á mú un lọ tayọ̀tayọ̀. Bí ọgbọ́n burúkú ṣe wọ orí mi nìyẹn: ojú tó gbóná, òtútù ni màá gbé lé e kí kámẹ́rà tó rí i.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án tí mo ní láti padà lọ, mo di yìnyín sínú ọ̀rá méjì, mo tì í bọ báàgì. Àbúrò mi mú mi jókòó sí yàrá ìdúró, ó sì jáde. Bó ṣe ń ti ilẹ̀kùn ni mo gbé yìnyín lé ojú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì tó pupa jù ni mo gbé e lé pẹ́ jù. Mi ò mọ òtútù kankan, àfi omi tó ń kán sí mi lọ́rùn. Ìgbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ti kó o pamọ́, mo ti nujú, mo jókòó jẹ́jẹ́.

Ó yà á. Ó wò ó. Ó tún un yà. Ó lọ pe dókítà. Dókítà wo àwòrán náà, gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì mi ti di búlúù.

“Ẹ̀jẹ̀ ò débí mọ́,” dókítà ní. “Tá a bá fi sílẹ̀ di ọ̀la, awọ yìí máa kú. Ẹ múra yàrá iṣẹ́ abẹ sílẹ̀, mo máa tú okùn yẹn nísinsìnyí.”

Èmi àgbà, kí n wá sọ pé mo gbé yìnyín sá wọlé? Mo ní kí n kúkú dákẹ́. Tó bá tú u, ṣebí á tún un rán. Ẹ gbọ́ ìwà òmùgọ̀! Ìgbà náà ni mo wo ọwọ́ àbúrò mi. Téèpù mi wà ní ìka rẹ̀, téèpù náà ń gbọ̀n. Mi ò rí i kí ọwọ́ ọmọ yẹn gbọ̀n rí, kódà lọ́jọ́ tí màmá wa kú, òun ló pa ojú wọn dé.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bẹ̀rù,” ó ní.

“Yìnyín ni,” mo ní.

“Kí lẹ wí?”

Mo ṣí báàgì. Omi ti kún ìsàlẹ̀ rẹ̀, síkáàfù mi ti rin gbingbin. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a. Tèmi ò tó ogún ìṣẹ́jú.

Dókítà mí kanlẹ̀, ó jáde. Àbúrò mi ò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn fún mi.

“Ara tí kò mọ nǹkan kan lẹ gbé yìnyín lé,” ó ní. “Ó lè jó yín bí iná, ẹ ò sì ní mọ̀.”

Ó wà lẹ́nu mi kí n sọ fún un pé ọmọ tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Mo gbé e mì. Èmi ni wọ́n gbé pọ̀n lọ́jọ́ yẹn.

Ó gbé àga síwájú mi, ó jókòó, ó ń wo aago. Odindi wákàtí kan. Kò kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na téèpù, ó tún ojú mi yà.

Búlúù ti lọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì ti pupa díẹ̀, bákan náà. Inú mi dùn, mo fẹ́ dìde. Àmọ́ àbúrò mi ò gbójú kúrò lára àwòrán. Lábẹ́ etí òsì, níbi tí okùn ti fún jù yẹn, ojú kan wà tí kò ju bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì lọ, tó pọ́n ju gbogbo ibi yòókù lọ.

“Ẹ wò ó,” ó ní. “Èyí ni yìnyín yín ń bò mọ́lẹ̀.”

Dókítà padà wá, ó gé okùn kan ṣoṣo, ọyún jáde. Ó fún mi lóògùn. Ó ní ká ní ó pé ọjọ́ mẹ́ta sí i ni, ọyún náà ì bá ti gba abẹ́ awọ lọ dé àgbọ̀n. Mi ò sì ní mọ̀, torí kò dùn mí rárá.

Látìgbà yẹn, tó bá ní kí n dúró, mo ń dúró. Tó bá yà á tán, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, á ní, “Ńkọ́, ṣé ara ibẹ̀ ti mọ̀ ọ́n?” Èmi á mirí. Á ṣe bí ẹni pé kò jẹ́ nǹkan kan, àmọ́ mo mọ ọmọ tí mo pọ̀n. Egbò ti jinná, àwòrán ń dára sí i, àmọ́ àwọn mìíràn wà tí ara ibẹ̀ kì í jí fún wọn mọ́ láé. Ẹ̀rù ń bà á. Ẹ̀rù ń ba èmi náà.

Lóṣù karùn-ún, ó yà á tán, ojú mi dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ká téèpù mọ́ ìka, ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì mi, ó sì ti ń wo ibi ìwé rẹ̀, kò tiẹ̀ béèrè mọ́.

“Ọwọ́ ẹ tutù,” mo ní.

Kò kọjú sí mi. “Ẹ dúró ná,” ó ní. Ó fi ọwọ́ kejì nu ojú ara rẹ̀. “Ẹ tún un sọ.”

“Mo ní ọwọ́ ẹ tutù.”