Oògùn Mi Nínú Ẹrù Màámi

Àárọ̀ ọjọ́ tí màámi fẹ́ padà sí Nàìjíríà ni oògùn mi sọnù. Mo wá a lórí fìríìjì, mo wá a nínú báàgì iṣẹ́, mo sì ti kó gbogbo ìkòkò sílẹ̀ kí n tó rántí pé n kì í fi oògùn sínú ìkòkò. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí n kò bá tíì lò ó: màá bẹ̀rẹ̀ nǹkan mẹ́ta, n kò ní parí ọ̀kan. Omi ń hó lórí iná, n kò rántí pé èmi ni mo gbé e kaná.

Akáńtáǹtì ni mí. Mo ti dàgbà kí dókítà kan tó sọ fún mi pé kì í ṣe oríkunkun ló ń dà mí láàmú, ọpọlọ mi ni kì í dúró lójú kan. Kó tó kọ oògùn, ó wọn ìfúnpá mi, ó gbọ́ bí ọkàn mi ṣe ń lù, ó bèèrè àìsàn tó wà nínú ẹbí. Oṣooṣù ló ń kọ ọ́ lákọ̀tun, kẹ́míìsì kì í fún mi ju ti oṣù kan lọ. Hóró kan láàárọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ. N kò gbọdọ̀ fi kún un, n kò sì gbọdọ̀ fún ẹlòmíràn.

Nígbà èwe mi, kò sí oògùn. Gèlè àtijọ́ ni màámi fi máa ń so ẹsẹ̀ mi mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì kí n lè parí iṣẹ́ àṣetiléwá. Màá fa ẹsẹ̀, tábìlì á tẹ̀ lé mi, ẹgba á tẹ̀ lé tábìlì. Inú ṣì máa ń bí mi tí mo bá rántí.

Ẹ sì mọ àwọn ìyá wa. Ẹni tó bá ti òkèèrè dé láìmú oògùn bọ̀, bí ẹni pé kò rìnrìn àjò ni. Odidi ọ̀sẹ̀ ni màámi fi ń di oògùn ara ríro àti ti orúnkún fún ará ilé àti ará ìjọ. Oògùn òkèèrè máa ń jẹ́ ni wọ́n máa ń sọ nílé. Ohun tó ń jẹ́ fún, wọn kì í bèèrè.

Àkókò ń lọ. Mo pa iná, a gbẹ́rù sọ́kọ̀, a kúrò ní Rosettenville, àdúgbò tí mò ń gbé. Màámi ń sọ̀rọ̀ láìsinmi, wọ́n ń fi ìwé ìrìnnà fẹ́ ara wọn. Inú oṣù kẹfà, tí òtútù máa ń mú jù níbí, ni wọ́n ti ń làágùn. Nígbà tí iná ojú títì tí wọ́n ń pè ní róbọ́ọ̀tì níbí dá wa dúró, wọ́n di àyà mú.

"Ṣé ọkàn èèyàn máa ń sáré báyìí tó bá fẹ́ wọ bàálù?"

Mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n jẹ. Wọ́n ní tíì nìkan. Wọ́n wo ojú fèrèsé.

"Mo mu méjì nínú tìẹ. Mo rí i pé ó ń jẹ́ kí o jókòó."

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti Nàìjíríà, ńṣe ni wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ nínú bàálù títí òṣìṣẹ́ kan fi pàṣẹ fún wọn bí ọmọ iléèwé pé kí wọ́n jókòó. Ẹ̀rù ìtìjú yẹn ló ń bà wọ́n. Ìyókù wà nínú ẹrù, fún àbúrò wọn tí kì í parí ohun tó bá dáwọ́ lé.

Iná ti yí padà. Táksí ẹ̀yìn wa ń fọn fèrè. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára màámi, ó ti pẹ́, mo sì mọ ohun tí oògùn yẹn lè ṣe fún wọn. Mo pariwo mọ́ ìyá tó bí mi.

"Màámi, bàálù lè máa lọ. Ẹ̀yin ni ẹ ò gbọdọ̀ lọ."

Mo yí ọkọ̀ padà, ó di ọsibítù.

Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá, ó ní eish bí ẹni tí nǹkan bà lẹ́rù, ó rọra pè wọ́n ní gógó, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà níbí, ó sì lẹ wáyà mọ́ wọn láyà. Dókítà ní kí n mú oògùn náà wá. Mo kúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo tú ẹrù láàárín ìró àti bàtà, mo rí ìgò mi nínú ìbọ̀sẹ̀. Dókítà ní oògùn tó ń tún ayé tèmi ṣe yìí ń ti ọkàn ní ìtìkutì, ó sì ń gbé ìfúnpá sókè. Ó ní bí a bá jókòó sí pápákọ̀ òfuurufú ni, òun kò mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀.

Bàálù lọ. Mo jókòó ti ibùsùn wọn, ìgò lọ́wọ́ mi. Ọ̀sán ti pọ́n, bí mo bá lò ó nígbà yẹn n kò ní sùn, nítorí náà mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ara mi ń yún mi láti dìde. Ẹ̀rù bà mí, inú bí mi, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Nígbà tó yá, ìfúnpá bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n sùn jẹ́ẹ́. Wọn kò lè ṣe é. Ẹsẹ̀ wọn ń mì lábẹ́ aṣọ ìbora, gbìrì gbìrì, bẹ́ẹ̀ ni tèmi náà ń mì nílẹ̀. Màámi wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n wo tiwọn.

"Ẹsẹ̀ ara mi ni mo ń so mọ́ tábìlì nígbà yẹn," ni wọ́n wí. "N kò mọ̀ ni, ọmọ mi."

Mo gbé ọwọ́ lé ẹsẹ̀ wọn. Ó ṣì ń mì.