Ẹṣin Tí Kò Mọ Ọ̀tún

Ìró pátákò ló kọ́kọ́ dé etí mi. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní Adéwọlé láàárọ̀ àná, mo ń ṣa ẹ̀wà, àwọn kẹ̀kẹ́ Màrúwá ń fun fèrè lójú títì bí ìṣe wọn, ni mo bá gbọ́ kò-kò-kò lórí ọ̀dà. Ìró yẹn kì í ṣe ti àdúgbò wa. Ohun tí à ń gbọ́ níbí ni jẹnẹrétọ̀, ìpè ìrun, àti ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tó kọ̀ tí kò fẹ́ jí. Kí n tó gbójú sókè, òórùn rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ wọlé: òógùn ẹṣin, awọ gàárì tó ti gbó, àti koríko tútù lẹ́nu ẹranko. Ọwọ́ mi dúró nínú ẹ̀wà. Orúnkún mi ti darúgbó, ojú mi ti darúgbó, ṣùgbọ́n imú kì í darúgbó.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ kò mọ ẹṣin ju inú fóònù àti ọjọ́ dúrùbá lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún yín. Àwọn kan nínú ẹbí mi á ní mò ń bá òkú ṣẹjọ́. Òótọ́ ni. Nígbà tí òkú náà wà láàyè, kò jẹ́ kí n rojọ́ tèmi.

Agbo ilé wa wà láàárín ìlú àtijọ́, ilé alámọ̀ tó fara ti ara wọn bí àwọn arúgbó lẹ́yìn ìrun. Yàrá tí èmi, ìyá mi àti Jímọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ń sùn a máa jò. Ilé ẹṣin kì í jò. Bí òjò bá ti ṣú, a ó ká ẹní wa, a ó sì lọ bá àwọn ẹṣin, wọn kò sì fi ẹsẹ̀ lé wa jáde lọ́jọ́ kan. Nínú agbo ilé yẹn, àwọn nìkan ni n kò rántí pé wọ́n sọ̀rọ̀ burúkú sí wa. Nígbà tí bàbá wa kú, àbúrò rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré, jogún àwọn ẹṣin, ó sì jogún wa mọ́ ọn. Àwọn ẹṣin ni inú rẹ̀ dùn sí.

Iṣẹ́ mi ni láti kó ìgbẹ́ ẹṣin, láti gé koríko, àti láti dà wọ́n lọ sí odò kí n tó wọ aṣọ ilé ìwé. Mò ń lọ ilé ìwé nítorí pé bàbá mi ti fi orúkọ mi síbẹ̀ kó tó kú, Bàbá Kékeré kò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń yọ orúkọ kúrò. Àwọn ẹgbẹ́ mi a máa di imú bí mo bá jókòó tì wọ́n. Jímọ̀ ní kí n má dá wọn lóhùn, pé ìlara ló ń ṣe wọ́n, ilé wọn kò ní ju adìẹ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Jímọ̀ rí. Ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ bí ọ̀pá koríko, ó ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ tó parí, kò sì sí ẹṣin tí kò ní gùn. Òun ló kọ́ mi pé etí ni kí n máa wò lára ẹṣin, pé ibi tí etí bá kọjú sí ni ọkàn rẹ̀ wà.

Lẹ́yìn Iléyá, nígbà tí àwọn àgbà bá ti gun ẹṣin lọ kí ọba tán, àwọn ọ̀dọ́ a máa kó ẹṣin lọ sí pápá kan lójú ọ̀nà Òkè-Òyì láti ṣe eré àgbá. Àwọn tó ń ṣe títì ló fi òfìfo àgbá ọ̀dà mẹ́ta sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọ wa sì sọ ọ́ di eré. Ẹlẹ́ṣin á sáré débi àgbá kìíní, á gba òsì yí i po, á gba òsì yí ìkejì po, á wá gba ọ̀tún yí ẹ̀kẹta po kó tó sáré padà. Eré sísá nìkan kò tó. Ẹṣin tó ń sá bí ìjì tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń yí, inú oko àgbàdo olóko ni wọ́n ti ń lọ mú un bọ̀, tòun ti èébú olóko.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ẹṣin wa tó dára jù ti gbó. Bàbá Kékeré pinnu láti ra abo ẹṣin kan tí Jímọ̀ yóò gùn. Alágbàtà kan mú méjì wá láti òkè Ọya, ó fi wọ́n sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa títí di ọjọ́ ọjà kí a lè wò wọ́n dáadáa.

Èkíní funfun bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n. Kílì ni alágbàtà ń pè é, bí àwọn Haúsá ti ń pe ẹṣin funfun. Ọrùn rẹ̀ ga, ìrù rẹ̀ ń gbálẹ̀, bó bá sì ń kọjá, àwọn obìnrin á gbé ọmọ odó dúró lókè kí wọ́n fi wò ó. Èkejì pọ́n rúsúrúsú bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú iná ní Dàda, àdúgbò àwọn amọ̀kòkò. Ikùn rẹ̀ tóbi, nǹkan kan ti já a létí kan, kò sì sí ìgbà tí kì í jẹun. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ìkòkò.

Lójú àwọn àgbà, ọ̀rọ̀ ti parí lọ́jọ́ tí wọ́n ti rí àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kọ́ ló ń dà wọ́n lọ sí odò. Ọ̀nà odò wa dé ìdí igi àràbà kan, ó wá yà sí ọ̀tún. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, Kílì dúró níbẹ̀. Mo fa okùn, kò lọ. Ó kọ́kọ́ yí òsì, ó yí òsì lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fi òsì yípo títí ojú rẹ̀ fi wá bọ́ sí ọ̀nà odò, bí ẹni tó ń yẹ olówó rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọjà. Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Lọ́jọ́ kejì ó tún ṣe bẹ́ẹ̀, àti lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Mo wá rántí pé gbogbo ìgbà tí alágbàtà ń mú un yípo níwájú ilé wa, òsì ló ń mú un yí sí. Ìkòkò ní tiẹ̀, ó ń yí igi náà po bí àwọn obìnrin Dàda ṣe ń yí ìkòkò tí wọ́n ń mọ po: ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, orí rẹ̀ wálẹ̀, kò jìnnà sí ohun tó ń yí ká.

Mo fi han Jímọ̀. Ó gun Kílì dé ìdí àràbà, ó rí i fúnra rẹ̀. Ó ní, “Lọ sọ fún Bàbá Kékeré. Bí èmi bá sọ ọ́, wọ́n á ní ojo ni mí.”

Mo lọ. Wọ́n jókòó níwájú ilé, Bàbá Kékeré, àwọn àgbà ilé, àti alágbàtà. Mo kúnlẹ̀.

“Bàbá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra Kílì. Kò mọ ọ̀tún.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alágbàtà ní, “Ọmọ yìí, ṣé kèwú ni ẹṣin fẹ́ lọ ké ni, tí yóò fi mọ ọ̀tún mọ òsì?”

Bàbá Kékeré ní, “Ẹni tó ń kó ìgbẹ́ ẹṣin ti di ẹni tó ń yan ẹṣin. Ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn nílé ìwé nìyẹn.”

“Ẹ kàn ní kí wọ́n mú un yí sí ọ̀tún, kí ẹ wò ó.”

“Kí n wo kí ni? Ṣé orí èyí lo fẹ́ kí ìlú ti rí wa?” Ó nawọ́ sí Ìkòkò, tó ń jẹ ẹní ẹnì kan lọ ní tiẹ̀. “Ìlú kì í wo ọ̀tún, kì í wo òsì. Àwọ̀ ni ìlú ń wò. Dìde níbẹ̀.”

Èmi náà, ọmọdé ni mí, inú sì ti ń bí mi. Mo ní, “Á gbé Jímọ̀ ṣubú níbi àgbá kẹta.”

Ẹ̀rín dá. Àgbà kan tutọ́ sílẹ̀, ó ní, “A ò gbà á fún ọ.” Bàbá Kékeré dìde, ó gbá mi létí, ó ní kí n sọ rere. N kò mọ rere kan tí mo lè sọ nípa ẹṣin yẹn.

Wọ́n ra Kílì. Ilé mìíràn ra Ìkòkò.

Lọ́jọ́ eré, kò sí ẹṣin tó lẹ́wà tó tiwa ní pápá. Kílì yí àgbá kìíní bí ẹni ń jó, ó yí ìkejì, gbogbo pápá ń hó, Bàbá Kékeré sì ti bọ́ sí iwájú kí wọ́n lè rí i. Níbi àgbá kẹta, Jímọ̀ fi gbogbo ara tẹ̀ sí ọ̀tún. Kílì kò tẹ̀ lé e. Ó yà sí òsì, ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́ mọ́ra, ó sì ṣubú lé ẹ̀gbọ́n mi lẹ́sẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó sáré débi Jímọ̀, mo gbọ́ ohùn Bàbá Kékeré: “Ẹnu ọmọ yìí ni! Ẹnu ọmọ yìí ló fà á!” Mo wò yíká láti mọ ọmọ tó ń bá wí. Gbogbo ènìyàn ti kọjú sí mi. Ìkòkò ló gba ipò kìíní lọ́jọ́ yẹn. N kò rí ẹni tó sọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé wa.

Àwọn tó ń to eegun ṣe ìwọ̀n tiwọn, ẹsẹ̀ Jímọ̀ sì jinná ní wíwọ́. Ẹṣin kò jẹ̀bi. Alágbàtà kò jẹ̀bi. Bàbá Kékeré ní mùsíbà ni, àjálù láti òkè wá, àti pé ẹnu mi ló ṣe sábàbí rẹ̀. Kílì gbó sí agbo ilé wa, ó ń jẹ, ó ń sanra, èmi ni mo sì ń gé koríko fún un.

Gbogbo èyí ni mo lè gbé mì. Ohun tí n kò tíì gbé mì di òní ni ohun tí Jímọ̀ sọ. Mo gbé ògì lọ fún un lórí ẹní rẹ̀. Kò wò mí. Ó ní, “Mo ní kí o sọ fún wọn pé kò mọ ọ̀tún. N kò ní kí o dárúkọ mi mọ́ ìṣubú.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìgbà náà, ó wọ ọkọ̀ akẹ́rù àwọn oníṣòwò màlúù tó ń padà sí òkè Ọya. Kò dágbére. A kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Títí ìyá mi fi kú, ojú ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí, kò sì bá mi sọ ohun tó ń retí.

Ọkùnrin méjì wá béèrè mi láti fẹ́. Àwọn méjèèjì padà lẹ́yìn tí ẹbí wọn ti wádìí nílé wa. Nítorí náà ni Bàbá Kékeré kò ṣe bínú nígbà tí àwọn olùkọ́ mi ní kí n lọ kọ́ iṣẹ́ tíṣà lọ́nà jíjìn. Ó ní kí ẹnu náà máa lọ. Ẹnu náà ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò títí mo fi gba ìfẹ̀yìntì, tí mo sì fi kọ́ ilé tí kò jò.

Bàbá Kékeré kú lọ́dún tó kọjá. Níbi fìdáù rẹ̀, alífáà wàásù pé kò sí ẹni tó mọ ẹṣin bí i tirẹ̀ ní ìran yìí. Ikọ́ mú mi. Wọ́n bu omi fún mi.

Ẹni tó wá dúró sẹ́nu géètì mi láàárọ̀ àná ni Fàtáì, ọmọ ọmọ Bàbá Kékeré. Ọmọ dáadáa ni, ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní GRA, òun nìkan ló ń rántí mi nígbà àwẹ̀. Ó fa ẹṣin funfun kan lọ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀.

“Màmá, a ti dá eré àgbá padà. Abo méjì ni mo rí, ọ̀kan pupa, ọ̀kan nìyí. Èyí ló wù mí. Èmi fúnra mi ni màá gùn ún.”

“Ọlọ́run á bá ọ ṣe é. Mú un yí sí ọ̀tún kí n wò ó.”

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó rọra bọ́ sáàárín èmi àti ẹṣin náà, bí ẹni tó ń fi ara ṣíji bo ọmọ lójú oòrùn. Ó ní, “Màmá, ẹ má bínú. Wọ́n ní nílé pé kí n kọ́kọ́ mú un wá sọ́dọ̀ yín kí ẹ ṣàdúà fún un. Ẹ má sọ nǹkan mìíràn. Ẹ ṣáà sọ rere, Màmá mi.”

Mo wá mọ̀ pé kì í ṣe pé ó wá gba ìmọ̀ràn. Ẹnu mi ló wá bẹ̀. Gbogbo ọmọ tí mo kọ́, gbogbo ọdún tí mo fi jókòó jẹ́jẹ́, kò yí nǹkan kan padà ní agbo ilé yẹn. Wọ́n ti wó ilé alámọ̀, wọ́n ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n ti gbé àwòrán Bàbá Kékeré kọ́ ara ògiri, omi ti dé inú ilé, kò sí ẹni tó ń da ẹṣin lọ sí odò mọ́. Ìtàn ẹnu mi nìkan ni wọn kò wó.

Mo ṣàdúà. Mo ní kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ, kó mú un lọ kó mú un bọ̀, kó má jẹ́ kí ó ṣubú. Ó ṣe àmín, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì fa ẹṣin rẹ̀ jáde.

Bí ènìyàn bá jáde ní géètì mi, ọ̀tún ni ọ̀nà ìlú wà. Òsì yí gbogbo ẹ̀yìn ilé po kó tó jáde sójú títì. Mo rí i tó fa okùn sí ọ̀tún. Mo rí i tí ẹṣin náà dúró. Ó fi ọwọ́ pa á lọ́rùn, ó bá a sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó sì jẹ́ kó yà sí òsì.

Mo dìde. Ẹ̀wà dà sílẹ̀. Mo di géètì mú, mo fi gbogbo ohùn tó kù lára mi ké pe orúkọ rẹ̀, mo ní kó má gun ẹṣin yẹn. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ń fun fèrè. Kò bojú wẹ̀yìn. Ó na ọwọ́ kan sókè, ó sì dá mi lóhùn:

“Àmín, Màmá! Àmín o!”