Ohun Tó Dá Bàbá Mi Dúró

Abẹ́ àgbọ̀n bàbá mi ló wú. Ó tó oṣù mélòó kan kó tó sọ fún ẹnikẹ́ni, torí ó ní eyín ló ń da òun láàmú. Nígbà tí wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ ní ilé ìwòsàn tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni, àmọ́ ó ṣì kéré; kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n gé e kúrò. Èmi ni àkọ́bí, èmi náà ni mo ń ṣiṣẹ́ lórí oògùn jẹjẹrẹ ní yunifásítì, nítorí náà gbogbo ilé gbà pé ọwọ́ mi ni ọ̀rọ̀ náà wà. Mo lọ sí Ìjurin, ìlú wa, láti lọ mú un wá.

Oko ni mo bá a. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ kòkó ni, ó ti kó kóró rẹ̀ jọ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì ti fi ewé mìíràn bò ó mọ́lẹ̀. Bó ṣe máa wà fún ọjọ́ mélòó kan nìyẹn kó tó sá a sóòrùn. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Ṣe ló bi mí pé kí ni mò ń ṣe gan-an níbi iṣẹ́. Ẹnu yà mí, torí bàbá mi kì í béèrè iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ lójú tiẹ̀ ni èyí tó bá dọ̀tí síni lọ́wọ́.

Mo fẹ́ fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Mo sì fẹ́ ṣe fáàrí díẹ̀, kí n má parọ́. Mo ní jẹjẹrẹ máa ń sáré dàgbà débi pé afẹ́fẹ́ kì í dé àárín rẹ̀, àárín náà á wá kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Mo ní àwa ń ṣe nǹkan kékeré kan, kékeré tí ojú ò lè rí, a ó di oògùn sínú rẹ̀. Á máa bá ẹ̀jẹ̀ lọ ní pípadé, kò ní ṣe ibi tó dáa nínú ara ní nǹkan kan. Ìgbà tó bá dé ibi tó kan yẹn ló tó máa ṣí, tí á tú oògùn rẹ̀ dà síbẹ̀.

Ló bá ṣí ewé lórí kòkó, ó ki ọwọ́ bọ àárín rẹ̀ dé ìgúnpá, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó sì nà án sí mi nímú. Ooru rẹ̀ gbà mí lójú, ó ń kan bí ọtí tó ti pẹ́.

"Ti ẹ̀gbẹ́ kì í kan báyìí," ó ní. "Ibi tí atẹ́gùn ò dé nìyí."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Bàbá."

Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. "Kí wá ni wọ́n fẹ́ fọ̀bẹ gé mi fún, nígbà tí ọmọ mi ní irú oògùn yìí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run mi, mo rẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀gá mi gan-an kò tètè lóye iṣẹ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní ká jẹ́ kí ọ̀bẹ kọ́kọ́ ṣe tiẹ̀ ná. Ó ní òun máa sá kòkó òun gbẹ ná, òun á wá. Èmi nìkan ni mo padà lọ.

Kòkó gbẹ, wọ́n tà á, Kérésìmesì dé, ó lọ. Bí mo bá pè é pé ọjọ́ wo ló ń bọ̀, á ní, "Ará ulé wà o. Iṣẹ́ ọ̀hún ńkọ́?" Èmi náà á ní ó ń lọ dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí n díbọ́n: mo fura. Mo mọ̀ pé kì í ṣe pé ó kàn ń kí mi kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò béèrè iṣẹ́ mi lẹ́ẹ̀mejì rí láti ọjọ́ tó ti bí mi, ó sì ń dùn mọ́ mi. Inú ń bí mi sí ara mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ ni mo tó délé. Ibi tó wú ti tó ẹyin adìẹ. Ìyá mi fà mí wọ ilé ìdáná, ó nawọ́ sí kẹ́ẹ̀gì kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Omi ògì ni, ó ti kan kọjá bó ṣe yẹ.

"Ife kan ló ń mu láràárọ̀ kó tó fẹnu kan nǹkan," ìyá mi ní. "Ó ní òun ń jẹ́ kí ibẹ̀ kan dáadáa, kí oògùn rẹ má baà ṣìnà tó bá dé. Ìgbà wo ló ń dé?"

Mo jáde lọ bá bàbá mi lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, oògùn yẹn ò tíì sí fún èèyàn. Eku là ń fún."

"Eku?"

"Eku, Bàbá. Kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló ń sàn."

Ì bá dáa kó bú mi. Ẹ̀rín ló bú sí, tó fi fọwọ́ di àgbọ̀n mú torí pé ó ń dùn ún. "Haà! Àwa ń dẹ pàkúté de eku lóko, ìwọ ń tọ́jú wọn nígboro! Dókítà eku!" Lẹ́yìn náà ó ní, "Ò bá ti sọ." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dìde, ó lọ gbé kẹ́ẹ̀gì náà, ó da omi ògì rẹ̀ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ní ká máa múra.

Lọ́jọ́ kejì a wọ mọ́tò ní Ìjerò. Ìgbà tí a kọjá Àrámọ̀kọ ló bi mí bóyá eku náà máa ń ké tí a bá gún wọn lábẹ́rẹ́. Mo ní wọ́n máa ń ké díẹ̀.

Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, dókítà tẹ abẹ́ àgbọ̀n bàbá mi, ó tẹ ọrùn rẹ̀, ó sì rọra bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó ní ó ti ràn dé ibi tí ọ̀bẹ ò lè bá a mọ́, pé ká ní ó wá lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún un ni, gígé nìkan ì bá tó. Ohùn rẹ̀ le. "Bàbá, kí ló dá yín dúró láti gbogbo oṣù wọ̀nyí?"

Mo la ẹnu, torí èmi ló yẹ kó dáhùn. Bàbá mi fọwọ́ tẹ orúnkún mi lábẹ́ tábìlì.

"Kòkó ni, dókítà," ó ní. "Kòkó pọ̀ lóko lọ́dún yìí, mi ò rẹ́ni fi í sílẹ̀ fún."

Kòkó ti tán lóko wa kí Kérésìmesì tó dé. Dókítà ò mọ̀, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìgbà òjò kan ṣoṣo ni bàbá mi tún bá wa rí lẹ́yìn ìyẹn. Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, eku tó ń sàn sì ti ń pọ̀ sí i. Fáìlì rẹ̀ ṣì wà ní ilé ìwòsàn yẹn, ohun tí wọ́n sì kọ síbẹ̀ ni pé iṣẹ́ kòkó ni kò jẹ́ kó tètè wá.