Igi Tí Bàbá Mautin Là Kalẹ̀

Kò ì tíì pé oṣù kan tí mo dé ilé ọkọ ní Ajido tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dáná sun ilé náà. Ọmọ Mowo ni mí, sítóòfù ni a ń lò nílé wa, mo sì rò pé ẹni tó bá ti lè ṣáná ti mọ iná. Òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ń fẹ́ wọ inú ilé ìdáná. Mo bá kó òkúta ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ìdí ògiri imọ̀ àgbọn, níbi tí omi kò dé. Igi tó wà nílẹ̀ tutù. Mo fẹ́ iná títí ojú mi fi pọ́n, mo bá da kẹrosíìnì lé e. Iná náà kò tilẹ̀ bá igi sọ̀rọ̀, ògiri ló gbá mú.

Ìyá ọkọ mi, Ìyá Hunsu, ló bu iyanrìn láti ẹ̀yìnkùlé tó dà á lù ú, ó padà lọ bu òmíràn. Kò pariwo. Ìgbà tí iná kú tán ló jókòó sórí àpótí, ó wò mí, ó ní, nínú Yorùbá tó máa ń dún bí Ègùn lẹ́nu rẹ̀:

“Ìyàwó, ògiri kọ́ ló wá bá iná o. Ìwọ lo gbé iná lọ bá a.”

Ìyá Sewanu, ìyàwó ilé tó múlé ti tiwa, ní kí wọ́n dá mi padà sí Mowo kí n lọ máa jó ilé bàbá mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọkọ mi ti ojú omi dé, ó rí ògiri tó jó. Ó tún ààrò náà tò sí àárín, níbi tí o bá na ọwọ́ méjèèjì, o kò ní kan ògiri. Ó da iyanrìn sábẹ́ rẹ̀, ó gbé garawa iyanrìn sí ẹnu ọ̀nà, ó sì lu fèrèsé sí ìhà ọ̀sà kí èéfín lè rí ọ̀nà gbà. Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òun ní òótọ́ ni, bí wọ́n bá tò ó dáadáa.

Lẹ́yìn náà ló kan pẹpẹ méjì sábẹ́ páànù, kí ilẹ̀ má kan igi, kí atẹ́gùn sì máa gba àárín rẹ̀ kọjá. Ọ̀kan fún igi tí à ń fi dáná, ọ̀kan fún ti ọdún tó ń bọ̀. Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń la igi káṣíà kún èyí tó bá ṣófo. Mo bi í pé báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbẹ. Ó gbá ẹ̀là igi méjì mọ́ra. Tútù dún bí ìgbà tí èèyàn lu ìrọ̀rí. Gbígbẹ dún kó, bí abọ́ tánganran.

“Kò ní purọ́ fún ẹ,” ó ní.

A bí Mautin, a bí Sènàmi, a sin Ìyá Hunsu, ó ṣì ń la igi.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ló la èyí tó kẹ́yìn. Òjò àkọ́rọ̀ kò tíì rọ̀ tó fi kú. Igi pẹpẹ kìíní tán níbi ìsìnkú. Mautin gbé gáàsì wá fún mi, ó ní kí n jẹ́ kí àwọn tó ń yan ẹja wá kó èyí tó kù kí ikán má baà jẹ ẹ́. Mo ní kò tíì gbẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni mò ń lọ gbá méjì mọ́ra. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ló ti ń dún kó. Mo sì ń sọ fún wọn pé kò tíì gbẹ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Sewanu wá jókòó tì mí. Kò ríran mọ́. Mo gbá igi náà mọ́ra, mo ní ó ṣì tutù. Ó ní:

“Ìyá Mautin, ojú ló fọ́. Etí mi kò tíì di.”

Mo dáná lánàá. Èèpo àgbọn gbígbẹ ni mo fi ràn án. Mo gbé garawa iyanrìn sí ẹnu ọ̀nà, mo gbé omi kaná, ó hó, mo ro ẹ̀bà, mo jẹ ẹ́. Mo ti rò pé màá sunkún. N kò sun ún. Èéfín gba ojú fèrèsé lọ sí ìhà ọ̀sà, bí ó ṣe là á sílẹ̀ fún un.

Igi náà yóò gbé mi dé ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn. Pẹpẹ kìíní ṣófo. Mo gbá abẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí.