Gáàsì Tí Oyèdèjì Kò Tú Dànù

Ọkọ mi, Oyèdèjì, tó ń tún fíríìjì ṣe ní Lásùnwọ̀n, kò lè rí nǹkan kó má tọ pinpin rẹ̀. Èmi Agnes tí mo fẹ́ ẹ, ìbéèrè ti sú mi.

Lọ́dún 2006, ìjọba kó àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe jọ ní Ìkòròdú láti dá wọn lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní gáàsì àtijọ́ tí wọ́n ń tú dànù kì í parẹ́: ó ń gòkè lọ jẹ ìbòrí tó ń gba oró oòrùn dúró fún wa. Bí ìbòrí yẹn bá fẹ́lẹ́, ojú á máa fọ́, àrùn á máa mú awọ ara, irè oko náà á jìyà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ fòfin dè é. Oyèdèjì ní gáàsì yẹn wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, báwo ló ṣe ń gòkè? Olùkọ́ ní atẹ́gùn ló ń rò ó pọ̀ bí ẹni ro ẹ̀kọ, títí yóò fi débẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Láti ìgbà náà, òkè ṣáá lọkọ mi ń wò. Mo kìlọ̀ fún un kó má lọ já sí gọ́tà.

Kò pẹ́ ni Ṣẹ̀rífátù, ẹlẹ́ja kan ní Ẹ̀pẹ́ tó ti ń bá wa bọ̀ tipẹ́, ránṣẹ́ pè é. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ fírísà rẹ̀ ti kú, ẹja sì kún inú rẹ̀; kò sì ṣeé pààrọ̀ àfi kí gáàsì kọ́kọ́ jáde. Mo bá ọkọ mi lọ. Tẹ́lẹ̀, ṣe ló máa ń gbé fírísà síta gbangba, kí gáàsì má baà yọ ará ilé lẹ́nu, á wá gé páìpù kí gáàsì tú dànù, ó parí. Lọ́tẹ̀ yìí, ó so ẹ̀rọ kan tó yá mọ́ ọn, ó ń fa gáàsì náà díẹ̀díẹ̀ sínú sílíńdà. Yìnyín ń yọ́, ẹja ń rọ̀. Ṣẹ̀rífátù ń kùn pé ṣé ẹja òun ni wọ́n fẹ́ fi tún ojú ọ̀run ṣe. Ká sòótọ́, inú bí èmi náà.

Ṣẹ̀rífátù bá lọ pe Làtífù, tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi kó tó dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ níbẹ̀. Làtífù dọ̀bálẹ̀ kí ọ̀gá rẹ̀, ó sì fẹ́ gé páìpù. Oyèdèjì dì í lọ́wọ́ mú, ó ṣàlàyé ohun tí gáàsì ń ṣe lókè.

Làtífù ní, “Ọ̀gá, bí ẹ ṣe kọ́ mi nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ́ àwọn tèmi.”

Ojú ti ọkọ mi, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Làtífù fúnra rẹ̀ ló bá wa kó ẹja lọ sínú fírísà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò sì sí èyí tó bàjẹ́. Iṣẹ́ parí ní ìrọ̀lẹ́, mo ti gbé báàgì mi kọ́ èjìká.

Oyèdèjì ò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó ní, “Làtífù, níbo làwọn tí o kọ́ wà? Mú mi lọ bá wọn.”