Àwọn Wàláà Tó Ṣófo

Òórùn tàdáà ló máa ń gbé ọ̀rọ̀ yìí padà wá fún mi. Òórùn èédú tí wọ́n fi oje igi pò, èyí tó máa ń rọ̀ mọ́ ìka àwọn ọmọ kéwú nígbà tí mo wà lọ́mọge n'Ìwó. Mi ò mọ̀ pé màá tún gbọ́ ọ nínú fúláàtì kan ní Peckham nílùú òyìnbó, níbi tí òórùn ẹja ọjà Rye Lane ti máa ń bá ẹ̀wù òtútù èèyàn wọlé, tí ògiri ilé ìdáná sì máa ń làágùn bíi pé ibà ń ṣe é. Bí òórùn yẹn bá kọjá nímú mi lónìí, ẹ̀rù ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, kí n tó rántí ohun tó tẹ̀ lé e.

Ọmọ mi obìnrin ló ní kí n wá. Nọ́ọ̀sì ni, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, kò sì sẹ́ni tí yóò ṣílẹ̀kùn fún ọmọ tó bá ti ilé ìwé dé. Ọmọ náà, ọmọ-ọmọ mi, ń lọ lọ́dún mọ́kànlá nígbà yẹn. Yorùbá rẹ̀ máa ń ta kókó bí òwú tí ológbò fi ṣeré, ṣùgbọ́n kì í kí mi láìkúnlẹ̀, a sì fẹ́ràn ara wa. Nígbà tí òtútù ọdún yẹn mú dáadáa ni mo rí i pé kì í jókòó tì mí mọ́. Bó bá ti bọ́ bàtà, ó di yàrá, a ti ilẹ̀kùn, a gbé headphone ńlá kan dé etí bíi fìlà, oúnjẹ tí mo bá gbé sílẹ̀ á sì tutù. Géèmù orí tẹlifíṣọ̀n ló ń ṣe, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ géèmù tí mo mọ̀ ni kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù, kí wọ́n máa sáré ọkọ̀. Mi ò mọ̀ pé odidi ìlú lè wà nínú ẹ̀, ìlú àtijọ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ti lọ tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí wọ́n gbà.

Mo wọ yàrá rẹ̀ lọ́jọ́ kan láti kó aṣọ fífọ̀, mo bá ìwé lábẹ́ ìrọ̀rí. Àmì ló wà lára ẹ̀, kì í ṣe ABD, kì í ṣe kéwú: ojú kan, ìlà omi mẹ́ta, àtẹ́lẹsẹ̀. Àyà mi já. Nígbà tó dé, mo bi í pé ta ló ni àmì yìí.

"Àwọn èèyàn mi ni, Grandma. Wọ́n ti pẹ́ gan-an. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn lọ. Ọbẹ̀ wọn ṣì wà lórí iná, bàtà wọn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Èmi nìkan ló kù."

"Ìwọ nìkan ló kù báwo?"

"Èmi ni mo máa wá wọn rí. It's lore, Grandma." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì wọ yàrá lọ. Mo rò pé orúkọ ìlú wọn ni lore; mi ò mọ̀ pé ìtàn inú géèmù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kó o mọ ìdí tí ẹ̀rù fi bà mí tó bẹ́ẹ̀. Kí n tó bí ìyá ọmọ yìí, mo bí ọmọbìnrin kan. Ó pé ọdún méje, ó wá sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé àwọn ẹgbẹ́ òun ń dúró de òun lẹ́yìnkùlé. Mò ń gé ilá lọ́wọ́. Mo ní, "Sọ fún wọn kí wọ́n jẹ́ kó o jẹun tán." Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ibà fi gbé e lọ. Alfa ni bàbá rẹ̀. Ó ní ibà ni, àdánwò Ọlọ́run ni, mo sì gbà. Àmọ́ àwọn obìnrin ilé ní ẹgbẹ́ rẹ̀ ọ̀run ló wá mú un. Láti ọjọ́ náà, mi ò pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Ìyá ọmọ yìí pàápàá kò mọ̀ pé òun ní ẹ̀gbọ́n.

Ọjọ́ Alárùbá kan, mo kírun Mọ̀gàríbì tán, kò tí ì tó aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú bó ṣe máa ń ṣú níbí nígbà òtútù. Mò ń gbé abọ́ ìrẹsì lọ fún un, mo sì gbọ́ tó ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì mi ò pọ̀, ìwé méjì péré ni mo kà, àmọ́ eléyìí yé mi yékéyéké. Ó ní àwọn èèyàn òun ń dúró de òun. Ó ní bí òun bá ti ilé ìwé dé lọ́la, òun á mu ún, òun á sì lọ bá wọn. Ó wá ní, "I'm scared, but I'm doing it."

Mi ò mọ bí mo ṣe gbé abọ́ yẹn padà dé ilé ìdáná.  Kí ni ọmọ fẹ́ mu? Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ìgò ló kún ibẹ̀: bílíìṣì, ọṣẹ ìfọlẹ̀, oògùn ikọ́, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tèmi. Mo kó gbogbo ẹ̀ sínú àpótí ìrìnàjò mi, lábẹ́ léèsì, mo tì í, mo fi kọ́kọ́rọ́ sínú kọ́mú, mo sì jókòó lé àpótí lórí. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ bá mi nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé.

"Màámi, kí lẹ ń ṣe lórí àpótí? Ṣé ilé lẹ fẹ́ máa lọ ni?"

"Ẹ̀yìn ló ń dùn mí."

"Àpótí wá di dókítà ẹ̀yìn!"

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò kọjá eyín. Mi ò lè sọ fún un. Bí kò bá gbà mí gbọ́, á ní ọ̀rọ̀ àgbà ni. Bó bá gbà mí gbọ́, á sọ níbi iṣẹ́, àwọn social tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ òbí á sì wá kan ilẹ̀kùn. Àti pé bí mo bá fẹ́ sọ ọ́ dáadáa, orí ẹ̀gbọ́n tí kò mọ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ọmọ ti lọ sílé ìwé, mo gbé wàláà ọkọ mi olóògbé, pákó tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Mo gbé e wá láti ilé nítorí mi ò lè fi í sílẹ̀ fún ikán. Mo gbé e lọ bá alfa tó ń ṣáájú wa kírun ní mọ́ṣáláṣí.

"Ìyá, ta ni ara rẹ̀ ò yá?"

"Kò tí ì ṣe é, alfa. Mi ò fẹ́ kó ṣe é ni."

 Alfa mú ìgò tàdáà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti ilé, ó ki gègé bọ̀ ọ́, ó kọ ẹsẹ Kùránì ti ààbò sójú wàláà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, mo gbé e mọ́ra bí ọmọ jòjòló, kí òjò tó wà lára ẹ̀wù àwọn èèyàn máà kàn án. Ohun tí mò ń wí nínú ara mi ni pé kó tó mu tiwọn, á ti mu tiwa.

Mò ń da omi sójú wàláà lórí abọ́ funfun kan nígbà tó wọlé. Kò bọ́ bàtà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn, ó ń wo bí tàdáà ṣe ń ṣàn kúrò lára pákó, tí pákó ń ṣófo.

"Grandma! Ọ̀rọ̀ yẹn ń lọ!"

"Kò lọ. Inú omi ló wọ̀. Jókòó kó o mu ún."

"Ẹ máa ń mu ún? Ọ̀rọ̀ yẹn?"

"Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Hàǹtú ni. Ẹni tó bá mu ún, inú rẹ̀ ló ń gbé e rìn."

"Oh my days!" Ó gbá ọwọ́ mi tútù mú, ó fà mí lọ sí yàrá rẹ̀.

Ìlú alámọ̀ pupa kan ló wà lójú tẹlifíṣọ̀n. Kò sí èèyàn kankan níbẹ̀. Mo rí ìkòkò lórí iná, mo rí bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ó mú mi wọ ilé gígùn kan, mo sì rí wọn: pákó tó lọ́wọ́ lórí bíi wàláà, wọ́n tò wọ́n ti ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo wọn ṣófo, dúdú díẹ̀díẹ̀ ló kù lára wọn. Àwo òkúta kan wà láàárín, omi inú rẹ̀ dúdú.  Ó ṣàlàyé pé àwọn tó ń ṣe géèmù yìí ti ń bára wọn jiyàn tipẹ́. Àwọn kan ní ọ̀tá ló ba ìwé ìlú náà jẹ́. Àwọn kan ní májèlé ni omi yẹn, òun ló pa wọ́n tán, ẹni tó bá mu ún, gbogbo ohun tó ti ṣe bọ̀ nínú géèmù á parẹ́.

"Ìyẹn lo ní wàá mu lónìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kí ló tún kù?"

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, "Kì í ṣe májèlé. Wọ́n ń lọ, wọn ò sì lè ru gbogbo pákó yẹn. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n mu ún, wọ́n sì gbé e lọ. Ta ló fẹ́ jí ohun tó wà nínú ikùn?"

Ó tẹ nǹkan ọwọ́ rẹ̀, ó mu omi náà nínú géèmù. Tẹlifíṣọ̀n ṣú biribiri. Mo ti mọ̀ pé eré ni, síbẹ̀ mo di apá ọmọ náà mú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ké. Apá rẹ̀ gbóná. Ìmọ́lẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, àwọn àmì ara ògiri, ojú, omi, àtẹ́lẹsẹ̀, wá di ohun tó ṣeé kà. Orúkọ ni gbogbo wọn. Orúkọ àwọn tó lọ. Ó ń kà wọ́n síta níkọ̀ọ̀kan, bí àwọn ọmọ kéwú ṣe máa ń kà. Nígbà tó kà á tán, mo gbọ́ ohùn ara mi tó dá orúkọ kan kún un.

"Ta nìyẹn, Grandma?"

"Aunty ẹ ni. Ọmọ ọdún méje ni."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó lọ gbé abọ́ funfun wá, ó jókòó tì mí. "Kí ló fẹ́ràn?" Mo sọ fún un: ẹ̀pà sísè, àti kó máa wọ bàtà bàbá rẹ̀ káàkiri ilé. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń mu hàǹtú díẹ̀díẹ̀, ó ń fajú ro. Ó ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá jẹ pẹ́ńsùlù.

Ní alẹ́, ìyá rẹ̀ ń wá bílíìṣì kiri. Mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo ṣí àpótí níwájú rẹ̀, mo sì sọ gbogbo ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ohun tí mo ṣe. Bí a bá fọ wàláà, a kì í da omi rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ máa tẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ mu ún. Èmi fọ orúkọ ọmọ mi nù, mo sì da omi rẹ̀ nù, mo rò pé ẹ̀rù á bá a lọ. Orúkọ ló lọ, ẹ̀rù ló dúró tì mí.

Ìyá ọmọ náà kò bínú. Ó ti àpótí pa, ó jókòó sórí ẹ̀ bí èmi náà ṣe jókòó lánàá, ó sì ní, "Màámi, ẹ pè é kí n gbọ́."